Lúkúlúkú: Bí Àrùn Ìnfulúẹ́ńsà Ṣe Ń Ràn Láti Ara Ẹnìkan sí Ara Ẹlòmíràn

Ní àwọn agbo ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn, láti Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ, kí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tó di ohun tí tolórí tẹlẹ́mù ń ní, ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ni àwọn àgbà fi ń ka ọjọ́ orí. Wọn a ní wọ́n bí lágbájá lẹ́yìn tí rélùwéè dé, tàbí pé làkáṣègbè ti ń rìn nílẹ̀ nígbà lúkúlúkú. Ọdún 1918 ni ọdún lúkúlúkú. Orúkọ tí àwọn baba wa fún àjàkálẹ̀ àrùn tó jà káàkiri ayé lọ́dún náà nìyẹn. Ìnfulúẹ́ńsà ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ lónìí kò gbọ́ orúkọ náà rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wọn. Ṣùgbọ́n àrùn náà kò bá orúkọ rẹ̀ lọ. Ó ṣì ń wọ ilé wa, a sì ń pè é ní ọ̀fìnkìn, tàbí òtútù, tàbí ibà lásán. Ìdí nìyí tí a fi yàn án fún ẹ̀kọ́ inú ìwé àjọ̀dún yìí, nítorí ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà tí olè ń gbà wọlé ni yóò mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kí òun tì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ̀lé e láti etí òkun. Ní àárín oṣù August 1918, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, HMS Mantua, gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró. Nǹkan bí igba nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ ni àìsàn ti dá dùbúlẹ̀. Freetown ni àwọn ọkọ̀ ti máa ń gba èédú nígbà náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ló sì ń rù ú. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì kí ohun tó wà nínú ọkọ̀ tó bọ́ sílẹ̀: ní ọjọ́ 27 oṣù náà, nínú àwọn òṣìṣẹ́ 600 tí ilé-iṣẹ́ èédú ní, nǹkan bí 500 ni kò lè wá síbi iṣẹ́. Àrùn náà tún wọ ọkọ̀ lọ sí Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà òde òní. Láti Àkrá ni ọkọ̀ SS Bida ti gbé e dé Èkó nínú oṣù September.

Àwọn kan nígbà náà rò pé afẹ́fẹ́ búburú ló ń fẹ́ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í dúró gba èédú ní èbúté. Ènìyàn ló gbé àrùn náà, ìrìn ènìyàn ni àrùn náà sì ń rìn, bí ọkọ̀ bá ṣe yára tó ni òun náà ṣe ń yára tó. Bí a bá ń wá ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí a wo erékùṣù Samoa ní òkun Pàsífíìkì. Apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, ìkejì wà lábẹ́ New Zealand, omi tó wà láàárín wọn kò fẹ̀. Alákòóso apá ti Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan já èrò sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Àrùn náà kò pa ẹnìkan ṣoṣo níbẹ̀. Ní apá kejì, wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ Talune já èrò sílẹ̀ ní November 1918, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn olùgbé ibẹ̀ ló sì kú. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fẹ́ sí apá méjèèjì.

Ní Èkó, ìjọba ti ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí pa. Àwọn wolé-wolé ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé láti wá aláìsàn. Ète náà dára, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù wolé-wolé ju àrùn lọ. Àwọn kan fi aláìsàn wọn pamọ́. Ọ̀pọ̀ mìíràn di ẹrù wọn, wọ́n sá kúrò nílùú. A kò lè dá wọn lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ; ta ni kò ní sá padà sí ilé bàbá rẹ̀ nígbà tí ikú bá ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò? Àmọ́ ohun tí wọ́n ń sá fún ti wà nínú imú àti ọ̀fun àwọn mìíràn lára wọn. Rélùwéè ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901, ó sì ti dé Kánò kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Èrò tó bá kúrò ní Ìddó ní Èkó yóò gba Abẹ́òkúta kọjá, yóò sì bọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà. Láàárín ìwọ̀n oṣù díẹ̀, àrùn náà ti kárí Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló kú ní orílẹ̀-èdè yìí, nígbà tí gbogbo wa kò ju mílíọ̀nù 18 lọ. Èyí tó ya àwọn dókítà lẹ́nu jù ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí agbára wà lára wọn, láti ẹni ogún ọdún sí ẹni ogójì, ló ń pa lọ́pọ̀lọpọ̀, kì í ṣe arúgbó àti ọmọ ọwọ́ nìkan.

Ìlú tí àrùn yìí bá nílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀ lónìí. Gbọ̀ngàn Màpó kò tíì sí lórí òkè. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i. Kò sí ilé ìwòsàn UCH, èyí tó di ọdún 1957 kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Ilé amọ̀ ló pọ̀ jù, fèrèsé wọn kéré, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni baba, ìyá, ìyàwó ilé àti ọmọ ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá rin ìrìn àjò láti Màpó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, tàbí tí ó bá gba Bẹyẹrúnkà kọjá lónìí, yóò rí i pé bí ilé ti fara ti ilé, tí yàrá sì fara ti yàrá, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí a ní láti mọ̀ nípa ìnfulúẹ́ńsà kò jìnnà sí inú àwọn yàrá wọ̀nyẹn.

Àwọn ará Ítálì ló fún àrùn náà lórúkọ tí àwọn dókítà ń pè é. Láyé ìgbà náà, èrò wọn ni pé agbára àwọn ìràwọ̀ ló ń darí rẹ̀ wá sára ènìyàn, ohun tí orúkọ náà sì túmọ̀ sí ní èdè wọn nìyẹn. Ní 1918 pàápàá, àwọn dókítà kò mọ ohun tó ń fà á. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tó rí kòkòrò náà mú lára ènìyàn. Fáírọ́ọ̀sì ni. Ó kéré débi pé ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré tó wà nínú yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé wa kò lè fi í hàn. Kò lè dá bí sí i níta ara; inú ara ẹ̀dá alààyè ló ti ń pọ̀ sí i. Ara awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú imú, ọ̀fun àti ọ̀nà èémí ni ó máa ń kọ́lé sí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń wá ọ̀nà àtijáde.

Báwo ni ó ṣe ń jáde? Ọ̀pọ̀ nínú yín ti jókòó rí nínú yàrá ilé àtijọ́ kan tí ìṣó ti lu páànù òkè rẹ̀. Bí oòrùn bá gba ihò náà wọlé, a ó rí ìlà ìmọ́lẹ̀ kan láti òkè dé ilẹ̀, a ó sì rí eruku tó ń jó nínú rẹ̀, tó ń lọ sókè sódò, tí kò tètè balẹ̀. Kì í ṣe pé eruku wà níbi ìmọ́lẹ̀ nìkan. Gbogbo yàrá ló kún, ìmọ́lẹ̀ ló kàn tú àṣírí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èémí wa rí. Ẹni tó bá húkọ́, tó sín, tó kọrin, tàbí tó kàn ń sọ̀rọ̀, ń da ìkán omi wẹ́wẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Àwọn tó tóbi nínú wọn wúwo. Wọn a máa já bọ́ láàárín nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, sí ojú, sí ẹnu, sí aṣọ ẹni tó bá wà nítòsí. Àwọn tó kéré jù lọ a máa rá bàbà bí eruku inú ìmọ́lẹ̀ yẹn, bí fèrèsé bá sì wà ní títì, wọ́n lè pẹ́ nínú yàrá kí wọ́n tó tán. Bí ẹni tó ní àrùn bá ti wà níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì wà nínú wọn. Ẹlòmíràn yóò sì fà á símú láìmọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ọwọ́. A máa ń gba àwọn olùkọ́ nímọ̀ràn láti fi ìdánwò kan hàn nínú kíláàsì, ẹ̀yin náà sì lè ṣe é nílé. Ẹ lọ ẹfun ìkọ̀wé aláwọ̀ kúnná, kí ẹ fi pa ọwọ́ ọmọ kan, kí ẹ má sì sọ fún àwọn yòókù. Kí ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, kí ó ṣí ilẹ̀kùn, kí ó gba ìwé lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ó fún ẹnìkejì ní bírò. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ wo ọwọ́ gbogbo wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ wo etí imú àti ìsàlẹ̀ ojú wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà wà. Ọwọ́ lásán kò fa àìsàn. Fáírọ́ọ̀sì náà kì í sì í pẹ́ lórí awọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ó lè wà lórí ohun líle bí ìkọ́ ilẹ̀kùn, àga àti fóònù fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì ń fi ọwọ́ kan imú, ojú àti ẹnu wa lọ́pọ̀ ìgbà ju bí a ti rò lọ. Ní tiwa, èémí ni a kà sí ọ̀nà tó tóbi jù, ọwọ́ tẹ̀lé e. Ti àwo oúnjẹ kan náà, èyí tí àwọn òbí máa ń bẹ̀rù jù, kò tó wọn. Ohun tó léwu jù níbi àwo náà ni pé àwọn tó yí i ká ń mí sí ara wọn lójú.

Nínú gbogbo ìwà àrùn yìí, a kò rí èyí tó mú un lágbára tó èyí tí a fẹ́ sọ yìí. Láti ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì wọ ara, ó máa ń tó ọjọ́ 1 sí 4 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ènìyàn. Ọjọ́ 2 ló wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ kan kí ó tó mọ̀ pé ara òun kò dá, ó ti ń ran ẹlòmíràn. Ó ń lọ sí ọjà, ó ń dúnàá-dúrà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Yóò sì máa bá a lọ láti ran àwọn ènìyàn títí di ọjọ́ 5 tàbí 7 lẹ́yìn tí àìsàn náà bá fara hàn. Ti àwọn ọmọdé a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní 1918 kò fi purọ́ nígbà tí wọ́n sọ pé ara àwọn le. Ìdí nìyí náà tí kò fi tọ́ kí a máa wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù nínú agbo ilé, pé ìyàwó kékeré ni, tàbí ọmọ tó dé láti Èkó.

A ó gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọyẹ́ ló fà á, tàbí òjò tó pa ọmọ, tàbí omi tútù. Òjò kò lè dá fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe ni pé ó ń gbẹ inú imú, ó sì ń mú kí a ti fèrèsé kí a tó sùn. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, ẹ wo bí àwọn èrò inú kọ̀rọ̀pẹ̀ ṣe ń yí gíláàsì sókè: wọ́n há mọ́ra, orúnkún kan orúnkún, ẹnìkan sì ń húkọ́ láti ibẹ̀ títí dé ibi tí ó ti máa bọ́. Òjò ni wọ́n ó sọ pé ó ṣe wọ́n lọ́jọ́ kejì. Bí a bá lè fara da kí omi díẹ̀ ta sí wa lára, kí a ṣí gíláàsì ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré, a ti ṣe púpọ̀.

Ilé-ìwé Kristẹni ni tiwa, a kò sì ní fo ohun tí 1918 ṣe sí ìjọ Ọlọ́run ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àrùn náà dé Ìjẹ̀bú, àwọn ọmọ ìjọ kan ní St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Joseph Ṣadare jẹ́ aṣáájú wọn, dúró nínú àdúrà. Olùkọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, tí lúkúlúkú ti dá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, dìde ó sì sọ pé òun gbọ́ ohùn tó ní kí àwọn ènìyàn fi omi òjò wẹ̀, kí wọ́n sì fi oògùn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni ẹgbẹ́ àdúrà náà ń jẹ́, lára gbòǹgbò tí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi hù láti inú rẹ̀ ni. Ọmọ Ìbàdàn sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ ìjọ náà: Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tó di Olúbàdàn ní 1955. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alexander, ló dá Ìbàdàn Grammar School sílẹ̀ ní 1913, òun náà ló sì di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Àwọn tó rí lúkúlúkú kò rí oògùn kan tó lè wo ó sàn. Ẹni tó ń gbàdúrà nígbà náà kò kọ ohun tó sàn jù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kan náà tí wọ́n ń kà ní ìmọ̀ràn mìíràn nínú. Nínú Léfítíkù orí kẹtàlá, a pàṣẹ fún ẹni tí àrùn wà lára rẹ̀ pé kí ó bo ètè rẹ̀ òkè, kí ó sì máa gbé lọ́tọ̀. Ó yẹ kí àwọn tó bínú sí ìbòmú ní 2020, nígbà àrùn Kòfíìdì, padà lọ ka ibẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le fún wa. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ pé ara ẹnìkan kò yá tí kò yọjú, a ó sọ pé kò ní ìtọ́jú ènìyàn. Bí ìyá àgbà bá dùbúlẹ̀ ní agbo ilé kan ní Ọjà'ba, kí ilẹ̀ tó ṣú, ogún ènìyàn ti wọ yàrá náà, wọ́n jókòó sí etí ibùsùn, wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ dání. Àwa kò ní kí a pa àṣà yìí tì. Ní 1918, ní ibi púpọ̀ láyé, gbogbo ilé ló dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan sì kú nítorí pé kò sí ẹni tó lè fún wọn lómi mu. Aláìsàn ìnfulúẹ́ńsà nílò ènìyàn gidigidi. Kò kàn nílò ogún ènìyàn ni. Kí ilé yan ẹnìkan, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí kì í ṣe aboyún, kí ó máa tọ́jú rẹ̀. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Kí aláìsàn àti olùtọ́jú bo imú, kí olùtọ́jú sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nígbàkúùgbà tí ó bá jáde. Kí omi, ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ má ṣe wọ́n aláìsàn. Kí àwọn yòókù kí i láti ẹnu ọ̀nà, tàbí kí wọ́n pè é lórí fóònù, kí wọ́n sì fi owó ọkọ̀ tí wọn ì bá ná ra èso ránṣẹ́ sí i. Bí kò bá sí yàrá mìíràn, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ní Bẹyẹrúnkà, kí aláìsàn sùn sí ìhà fèrèsé, kí àwọn yòókù kọ ẹsẹ̀ sí ibi tí ó kọ orí sí.

Ní ti oògùn, kápúsù tí a ń rà ní ẹyọ méjì-méjì lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì kì í pa fáírọ́ọ̀sì; kòkòrò àrùn mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní áspírìn nítorí ìnfulúẹ́ńsà, ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ibà ni tàbí ibà kọ́ láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí ara gbígbóná ni àwọn méjèèjì fi ń bẹ̀rẹ̀, ibà ẹ̀fọn tí a kò tọ́jú sì ń pa ọmọdé kíákíá. Bí aláìsàn bá ń mí lemọ́lemọ́, tí àyà rẹ̀ ń wọnú bí ó ti ń mí, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí ó ń sọ kántankàntan, tàbí tí ọmọ kò lè mu omi mọ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà. Kí a tètè gbé aboyún, arúgbó, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, oní-ikọ́-fée àti ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lọ ju àwọn yòókù lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún àrùn yìí, ọdọọdún ni a sì ń tún un ṣe nítorí pé fáírọ́ọ̀sì náà ń pààrọ̀ aṣọ. Kò sí lára àwọn tí a ń fún ọmọ ọwọ́ ní ilé ìtọ́jú wa, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ó ku ohun kan tó kan àwa àti ẹ̀yin òbí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń gbé ìnfulúẹ́ńsà wọ ilé ju ẹnikẹ́ni lọ, ìjókòó wọn ló fà á. Nígbà ìdánwò, òbí mìíràn a máa fún ọmọ ní parasitamọ́ọ̀lù ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ara rẹ̀ yóò tutù, yóò sì wọ kíláàsì. Ní aago mẹ́wàá, agbára oògùn ti ń dínkù, orí ọmọ ti wà lórí tábìlì, ó sì ti húkọ́ sí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ fún wákàtí méjì. A bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀ nílé títí ara rẹ̀ yóò fi tutù fún odidi ọjọ́ kan láìlo oògùn. Ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí olùkọ́ kíláàsì rẹ̀. Ìdánwò tí ó bá pàdánù ṣeé ṣe lọ́jọ́ mìíràn.